Fágúnwà Ará Òkè-Igbó, àti Géèmù Tí A Fẹ́ Sọ Di Fíìmù

Ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan ni mo fẹ́ kọ fún ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tó lé mi dé ìdí rẹ̀.

Ní sáà tó kọjá, ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ṣe géèmù kékeré kan sórí fóònù. Ọdẹ kan ń sáré nínú igbó, ó ń fo igi tó wó, ó ń ṣa àdó, ó sì ní ẹnubodè méje tó gbọ́dọ̀ kọjá. Iwin kan wà ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan tí yóò bá a jà. Kò sí yàrá tí wọn kì í ti í gbá géèmù yìí lálẹ́. Nígbà tí olùkọ́ wa wá ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ kan tó ti wà nílẹ̀, kí a sọ ọ́ di fíìmù kúkúrú, ẹgbẹ́ tiwa kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Géèmù ọdẹ yẹn la mú. A wọ igbó tó wà lẹ́yìn ìlú níhìn-ín ní Ìlárá-Mọ̀kín, a fi ọjọ́ mẹ́rin ya àwòrán, a wọ aṣọ ọdẹ fún ẹni tó ga jù nínú wa, a sì gbé fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́sàn-án jáde. Ó fo igi. Ó ṣa àdó. Ó bá iwin méje jà.

Kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo gbé e lọ sílé ní Àkúrẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó ti kọjá ẹnubodè keje géèmù náà ní àìmọye ìgbà, jókòó tì mí láti wò ó. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi na ọwọ́, tó ní kí n gbé fóònù fún òun kí òun bá ọdẹ náà fò, nítorí pé ó ń lọ́ra jù. Mo sọ fún un pé fíìmù ni, pé wíwò la ń wò ó. Ó dìde, ó lọ bu omi mu, kò sì padà wá.

Olùkọ́ wa kò yàtọ̀ sí i púpọ̀. Ó ní àwòrán géèmù náà la mú, pé a kò mú géèmù náà. Ó wá bi wá bóyá a mọ ẹnì kankan ní ìpínlẹ̀ yìí tó ti gbé ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ẹnu àti ara wọn ṣe lọ sínú ohun tí kò lè dá wọn lóhùn. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ó ní ká lọ ka ìgbésí ayé Fágúnwà, ká sì padà wá.

Bí ọ̀pọ̀ yín, mo ti ka Fágúnwà rí ní sẹ́kọ́ńdìrì, àmọ́ ìdánwò ni mo kà á fún. Mo há orúkọ àwọn ìwé rẹ̀ sórí, mo sì gbàgbé wọn lọ́jọ́ kejì ìdánwò. Lọ́tẹ̀ yìí, ìdáhùn ni mo ń wá. Nígbà tí ọkùnrin yìí ń kó ohun tó wà lẹ́nu àwọn àgbà sínú ìwé, kí ló mú? Kí ló fi sílẹ̀? Kí ló sì fi dí àlàfo ohun tó fi sílẹ̀?

Ọmọ Òkè-Igbó

Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní 1903. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí ni ìlú náà wà. Láti Ìlárá-Mọ̀kín, èèyàn á wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, á gba Òwenà dé ìlú Oǹdó, láti ibẹ̀ á wá forí lé ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀. Joshua Akíntúndé ni bàbá rẹ̀, Rachel Òṣúnyọmí sì ni ìyá rẹ̀. Ẹ fojú sí àwọn orúkọ yìí. Ifá wà nínú Fágúnwà, Òṣun wà nínú orúkọ ìyá rẹ̀, inú Bíbélì sì ni Joshua àti Rachel ti wá. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni àwọn òbí náà kí wọ́n tó di Kìrìsìtẹ́nì. Ọmọ tó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ á gbọ́ ti Dáfídì àti Gòláyátì ní ṣọ́ọ̀ṣì, á sì gbọ́ ti ọdẹ àti iwin nígbà tí oṣù bá yọ. Àwọn méjèèjì ló sì hàn nínú gbogbo ohun tí Fágúnwà kọ títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àlọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ géèmù ti wọlé. Àlọ́ kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń jókòó gbọ́ lásán. Apàlọ́ á kọ́kọ́ pè é, bí àwọn ọmọ kò bá sì dáhùn, ìtàn kò ní kúrò lójú kan. Wọ́n á fi àlọ́ àpamọ̀ dán wọn wò ná; ẹni tó mọ̀ ọ́n á yangàn, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fi ọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìtàn gan-an bá bẹ̀rẹ̀, apàlọ́ á dá orin, àwọn ọmọ á gbè é. Bí oorun bá ti ń kùn wọ́n, á gé ìtàn kúrú. Bí ojú wọn bá sì là kedere, á tún fi iwin kan kún un. Ọwọ́ àwọn tó ń gbọ́ ni ìdajì àlọ́ wà, gẹ́gẹ́ bí ìdajì géèmù ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá a. Bí ẹ bá gba ìdajì yẹn kúrò, tí ẹ kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, ohun tó kù kò ní lè dá dúró.

Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké

Ní 1916 ni Fágúnwà wọ ilé ẹ̀kọ́ St Luke's ní Òkè-Igbó. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, nítorí náà etí rẹ̀ ti kún kó tó di pé ó mọ̀wé kà. Nígbà tó parí níbẹ̀, ó ṣe tíṣà fúngbà díẹ̀ ní ilé ìwé kan náà. Ní 1926, ó lọ sí St Andrew's College ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà níṣẹ́, ó sì jáde ní 1929. Kò kúrò ní Ọ̀yọ́ kíákíá. Wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké tó wà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ó sì lo ọdún tó súnmọ́ mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ yẹn.

Lójú tèmi, ọdún mẹ́wàá yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ìgbésí ayé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà kan péré ni àwọn tó ń kọ nípa rẹ̀ sábà máa ń fún un. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ kéékèèké rí mọ̀ pé kò sí adájọ́ tó le tó wọn. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dùn mọ́ wọn, wọn kì í tìtorí ìtìjú fara dà á. Wọ́n á sùn, tàbí kí wọ́n máa ta ara wọn nípàá lábẹ́ tábìlì, tàbí kí wọ́n dìde lọ bu omi mu.

Ní 1936, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ṣe ìdíje fún àwọn òǹkọ̀wé. Fágúnwà kọ ìtàn tirẹ̀, ó sì fi sílẹ̀. Ní 1938, CMS Bookshop ní Èkó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni òǹkọ̀wé náà.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ kọ ìtàn àròsọ ní èdè wa. Láàárín 1929 sí 1930, Isaac Thomas ti tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí obìnrin kan ń kọ. Ṣùgbọ́n ayé ìlú Èkó ni Thomas kọ, lẹ́tà sì ti jẹ́ ohun tí à ń kọ sórí ìwé tẹ́lẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ Fágúnwà le ju ìyẹn lọ. Ohùn, orin àti ojú apàlọ́ ló fẹ́ kó sínú ìwé, ìwé kò sì ní èyíkéyìí nínú wọn.

Bó ṣe kó àlọ́ wọ inú ìwé

Mo tún ìwé náà kà lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú páálí kan lọ́wọ́, mo ń kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní, kò bẹ̀rẹ̀ ìtàn láì sí olùgbọ́. Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn, ti di arúgbó. Ó wá bá ọkùnrin kan láàárọ̀, ó ní kó mú ìwé àti kálámù kó kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń gbọ́, tí wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Èmi tí mo dá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú ìwé wá rí i pé mo ti wà láàárín èrò. Fágúnwà kò rí bó ṣe máa kó agbo àlọ́ wá sílé mi, ó wá kó agbo náà sínú ìwé, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún mi níbẹ̀.

Èkejì, ó fún òǹkàwé níṣẹ́ ṣe. Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ló ti fi ìtàn rẹ̀ wé ìlù, tó sì ní kí àwa tí à ń kà á jó sí i. Kò jẹ́ ká sinmi. Ó ń pe wá lọ́rẹ̀ẹ́, ó ń bi wá ní ìbéèrè, ó ń bá wa wí.

Ẹ̀kẹta, níwọ̀n ìgbà tí ohùn kò lè wọ inú ìwé, ó kó ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ títí tí ẹnu ẹni tó ń kà á fi máa yọ̀ǹda. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, orúkọ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ gùn, ó sì ń tún ohun kan náà sọ lọ́nà mẹ́ta mẹ́rin. Bí ẹ bá fojú kà á, ó lè sú yín. Ẹ fẹnu kà á wò.

Kò ṣe ohun tí ẹgbẹ́ wa ṣe. Tó bá jẹ́ pé àwa ni, à bá kọ ìdáhùn àwọn ọmọ sílẹ̀ ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, à bá sì rò pé a ti kó àlọ́ wọ ìwé.

Ohun mìíràn tún yà mí lẹ́nu. Ìtàn yìí jọ géèmù ju géèmù tiwa lọ. Nígbà tí ọba rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó, onírúurú akọni ni Àkàrà-ògùn kó jọ, tí olúkúlùkù sì ní agbára tirẹ̀. Kákò ní kùmọ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Ọlọ́hùn-iyọ̀ ní ohùn dídùn. Ibi tí agbára ẹnì kan bá ti pin ni ti ẹnì kejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú Igbó Olódùmarè tó tẹ̀ lé e, Èṣù-kékeré-òde dúró sí ẹnubodè igbó, kò sì sí ẹni tó lè wọlé láìbá a wọ̀yá ìjà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ilé wa kò ní béèrè àlàyé nípa ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Fágúnwà ní àléébù tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n fi ìfẹ́ bo ojú yín. Ìwàásù rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ìjà bá ń gbóná lọ́wọ́, ó lè dúró kó kọ́ wa nípa ọmọ rere àti ọmọ burúkú fún ojú ìwé mélòó kan. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé Òkè Láńgbòdó pàápàá, ẹ̀kọ́ ọjọ́ méje lọ́dọ̀ Ìrágbèje ló ń dúró dè wọ́n. Àwọn kan nínú wa máa ń fò ó kọjá bí a ṣe ń fo ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nínú géèmù. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo wá rí i lẹ́yìn náà pé fún òun, tó jẹ́ tíṣà àti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìjà ló wà nítorí ẹ̀kọ́, kì í ṣe ẹ̀kọ́ nítorí ìjà.

Iṣẹ́ ìwé títí dé ọjọ́ ikú

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Fágúnwà rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ British Council, ó sì lọ sí ìlú Ọba. Ó kọ ìrírí rẹ̀ sínú ìwé tó pè ní Ìrìnàjò, apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1949. Ọdún yẹn kan náà ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde. Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje tẹ̀ lé wọn ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní 1961. Òun àti L. J. Lewis tún jọ ṣe ìwé Táíwò àti Kẹ́hìndé fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi àwọn òbí yín àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ̀ ọ́n.

Ní 1955, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Margaret Wrong. Láti ọdún náà títí di 1959, ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń tẹ ìwé jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní 1959, ó gba oyè MBE láti ọ̀dọ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ó di aṣojú ilé iṣẹ́ Heinemann ní Nàìjíríà. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń kọ ìwé náà ló tún ń rìn káàkiri kí ìwé lè dé ọwọ́ ènìyàn.

Lẹ́nu irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni ikú ti pàdé rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, 1963, ó bá odò lọ lẹ́bàá Bídá, níbi tó ti fẹ́ sọdá. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà wá sí Òkè-Igbó, wọ́n sì sin ín síbẹ̀.

Àwọn tó gbé e kúrò nínú ìwé

Ọdún tí Fágúnwà kú gan-an ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé Ọ̀mùtí jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé ẹ̀mu tí Amos Tutùọlá kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1952 ló sọ di eré orí ìtàgé Yorùbá. Orí ìtàgé kò lè gba gbogbo ìrìnàjò tí ọ̀mùtí náà rìn nínú ìwé, Ògúnmọ́lá wá sọ ìrìnàjò náà di àlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò lè bi í léèrè bí ènìyàn ṣe ti ibì kan dé ibòmíràn.

Iṣẹ́ Fágúnwà náà kò pẹ́ kó tó kúrò lójú kan. Ní 1968, Wọlé Ṣóyínká tú Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí FESTAC dé sí Èkó ní 1977, Wálé Ògúnyẹmí gbé ìtàn náà lọ sórí ìtàgé, ó pe eré rẹ̀ ní Langbodo, Dàpọ̀ Adélugbà sì ni olùdarí rẹ̀. Ẹ wo ohun tí Ògúnyẹmí ṣe. Ìrìnàjò àwọn akọni sí Òkè Láńgbòdó ló dì mú, ó sì fi ijó, ìlù àti orin kún un. Gbólóhùn gígùn tó jẹ́ ọlá Fágúnwà nínú ìwé kò lè ṣiṣẹ́ lẹ́nu òṣèré ní gbogbo ìgbà. Àmọ́ ìlù tí Fágúnwà kàn lè dárúkọ lórí ìwé, Ògúnyẹmí ní onílù tó lè lù ú.

Ti fíìmù tún le sí i nítorí ojú. Nínú ìwé, Àgbákò ní ojú mẹ́rìndínlógún. Olúkúlùkù òǹkàwé ló ya Àgbákò tirẹ̀ sọ́kàn. Ọjọ́ tí fíìmù bá fi ọ̀kan hàn, ẹgbẹ̀rún ènìyàn á ní kì í ṣe òun nìyẹn. Àwọn tó ṣe fíìmù Sonic mọ ìrora yìí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán ẹranko inú géèmù náà han ayé ní 2019, ariwo tí àwọn ènìyàn pa lórí eyín àti ojú rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ní láti tún un yà kó tó jáde ní 2020.

Bákan náà ni ti Super Mario Bros. ní 1993. Wọ́n mú orúkọ àwọn arákùnrin méjì inú géèmù náà, wọ́n sì jù wọ́n sínú ìlú dúdú kan tí ẹni tó ti gbá géèmù rí kò dá mọ̀. Owó ìnáwó rẹ̀ kò padà. Ní 2023, wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú àwòrán efe, ó sì pa lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ọdún yẹn kan náà ni The Last of Us di eré orí tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ Craig Mazin àti Neil Druckmann, tó wà lára àwọn tó ṣe géèmù náà. Nínú géèmù, òkú ni ẹni tó ń gbá a máa ń bá Frank. Eré náà lo odidi apá kẹta láti sọ bó ṣe gbé ayé rẹ̀ pẹ̀lú Bill. Ohun tí ọwọ́ kò lè ṣe mọ́, wọ́n fi ohun tí ojú kò tíì rí rí dípò rẹ̀.

Ọ̀nà yìí kì í lọ sí apá kan ṣoṣo. Nígbà tí eré efe Iwájú jáde ní 2024, Maliyo Games ní Èkó ṣe géèmù láti inú rẹ̀. Wọn kò tún ìtàn eré náà sọ. Oúnjẹ ni ẹni tó ń gbá a ń sè. Wọ́n ti bi ara wọn léèrè ohun tí ọwọ́ máa ṣe.

Ọjọ́ Sátidé ní Òkè-Igbó

Àwa mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa wọkọ̀ lọ sí Òkè-Igbó ní Sátidé kan. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, Oǹdó sí ọ̀hún, oko kòkó pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ wa, àmọ́ kí n sọ òótọ́, a kò mọ ohun tí a fẹ́ yà. A jókòó sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta àkàrà, a kí i, a sì bi í bóyá ó ti ka ìwé Fágúnwà. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀wé kà. Ó ní bàbá òun ló máa ń kà á sókè lálẹ́ fún gbogbo agboolé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí àwọn ọmọ á máa dá sí i, tí òun kì í sì í lè dá jáde lọ tọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ka orúkọ àwọn akọni náà fún wa lórí ìka rẹ̀.

A dákẹ́ nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀. Fágúnwà ti kó àlọ́ sínú ìwé lọ́nà tó fi jẹ́ pé ìwé náà tún lè di àlọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Àwa kó géèmù sínú fíìmù, ọmọ ọdún mọ́kànlá kò sì rí àyè tirẹ̀ níbẹ̀.

A tún fíìmù wa ṣe. A yọ ẹnubodè márùn-ún kúrò nínú méje. A yọ gbogbo igi fífò, nítorí pé kò sí oǹwòran tó lè bá ọdẹ fò. A fi ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n fún ọdẹ náà, ẹni tí kò ní ẹnì kankan nínú géèmù. Ní ẹnubodè ìkẹyìn, àdó kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà ní ẹnu ikú. A jẹ́ kí kámẹ́rà dúró lójú rẹ̀ títí kó tó yan ẹni tó máa fún. Gbogbo iṣẹ́ tí a lè fún oǹwòran nìyẹn: kó yàn kí ọdẹ tó yàn.

Máàkì wa kò ga jù nínú kíláàsì, àmọ́ olùkọ́ wa wò ó tán. Mo tún gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Àbúrò mi béèrè fóònù lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ìjà àkọ́kọ́ ń lọ. Nígbà tó dé ibi àdó, ó dìde dúró, ó ń kígbe sí ọdẹ náà pé kó má fún ìyàwó, pé ẹ̀gbọ́n ni kó fún. Màmá wa jáde láti ilé ìdáná, ó bi í pé kí ni ìyàwó ṣe fún un. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀ nígbà tí mo ń di ẹrù mi padà sí Ìlárá-Mọ̀kín.